Ọmọ Odó Mẹ́ta Nínú Odó Kan

Bí ọdún Ùdírókò bá ti dé ní oṣù Kẹjọ, Adó-Èkìtì a kún dẹ́nu. Èrò a wọ́ lọ sí ààfin Èwí, ọba ìlú náà, ìlù a máa dún, àwọn bàbá a gbé ọmọ lé èjìká kí ó lè rí Ọba Adéyẹmọ Adéjùgbé, tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1990. Èyí ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Ẹ̀yìnkùlé ni èmi yà sí ní tèmi, níbi tí wọ́n ti ń gún iyán àlejò.

Ìyá tó ń darí iṣẹ́ kò tíì wo ọ̀nà odó. Iṣu ló ń yẹ̀ wò. Tuntun ni, omi sì máa ń pọ̀ nínú iṣu tuntun. Ó gé orí rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí orí iṣu le, kì í bá ara yòókù jinná pọ̀. Ó bẹ èèpo rẹ̀ nípọn kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ má baà ba iyán jẹ́. Ó gé e, ó ṣàn án, ó kó o sínú ìkòkò lórí ààrò.

Nígbà tí ọ̀bẹ wọlé láìjà, ó ro omi rẹ̀ dànù, ó bu díẹ̀ pa mọ́ sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ó dá ìkòkò padà sórí ẹyin iná, ó sì dé e. “Kí omi ara rẹ̀ fà díẹ̀,” ló wí fún mi.

Ọmọbìnrin kan ti ń fi omi gbígbóná ṣan odó. Odó tútù a máa gba ooru lára iṣu, iṣu tó bá sì ti tutù, kókó ló ń dà.

Ègé bíi méjì, mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ dà sí i. Wọn kò tíì gún un. Wọ́n fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i, wọ́n rún un mọ́ ìdí odó. Ẹni tó bá fi agbára sọ ọmọ odó kalẹ̀ níbí, iṣu a fò jáde bá a. Ó di ìgbà tí ìdí odó rọ̀ kí wọ́n tó kó ìyókù sí i, tí ọmọ odó wá gbéra.

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀. Ìkejì wọlé, ìkẹta tẹ̀ lé e. Bí ti ẹnìkan bá ń lọ sókè, ti ẹnìkejì ń bọ̀ nílẹ̀, ti ẹnìkẹta wà lójú ọ̀nà, ọmọ odó kò sì kan ara wọn. Ọwọ́ wọn ni mo tẹjú mọ́. Wọn kì í ti ọmọ odó sílẹ̀: wọ́n ń gbé e sókè ni, ìwúwo rẹ̀ ń mú un balẹ̀ fúnra rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ a sì dẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń kan iṣu. Ẹni tó bá dì í mọ́wọ́ gírígírí, ọwọ́ rẹ̀ yóò lé róró kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gbì, gbì ló ń dún níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó di pọ̀, pọ̀, iyán ti ń lẹ̀ mọ́ igi. Ìyá kò wo inú odó rárá, ẹran ìgbẹ́ ló ń rò nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ó kàn wí pé, “Ó tó,” wọ́n sì dúró. Ó ki ìka bọ omi, ó fi tọ́ iyán wò, ó ṣa kókó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé tó rọ̀gbà yí odó ká ti ń retí rẹ̀, kókó kan kò balẹ̀.

Omi tó bu pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan ló wá kàn. Ó bu ìwọ̀nba tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà, ó wọ́n ọn, wọ́n tún gún un. Ní ti iṣu ọdún tó kọjá, ìbá bu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyán tuntun tí omi bá pọ̀ jù fún, bí ẹ̀kọ ni yóò rí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ wà. G. A. Makanjuola ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ agúnyán láti 1974. Mo ti jẹ iyán ẹ̀rọ, kò burú, ó tilẹ̀ máa ń kúnná. Ṣùgbọ́n kì í fà lọ́wọ́ bí èyí.

Ìyá fi ọwọ́ tútù bù ú, ó yí i róbótó, ó fi ọ̀rá wé e, ó jù ú sínú kúlà. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ọmọ lọ wo ọdún l’Ádó, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọba tán, kí ẹ sì mú wọn gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí wọ́n tó dé kúlà.