Purotéènì Tó Ń Dúró De Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Mitokọ́ńdíríà ló ń sọ oúnjẹ tí a jẹ àti èémí tí a mí di agbára nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Ó ní DNA tirẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ní Cambridge kà tán ní 1981: lẹ́tà 16,569, jíìnì 37, purotéènì 13 péré. Purotéènì rẹ̀ yòókù lé ní 1,000. Inú núkílíọ́ọ̀sì ni àṣẹ tiwọn ti ń wá. Ìta ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe wọ́n, kí wọ́n tó wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wù mí jù ni énsáìmù tí ń gba ọ́síjìn, saitokíróòmù ọ́sídéèsì. Ẹ̀yà mẹ́ta tó jẹ́ igi àárín rẹ̀, inú mitokọ́ńdíríà ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Ìyókù ń ti ìta bọ̀. Bí apá kan bá pọ̀ ju èkejì lọ, èyí tí kò rí ẹnì kejì lè ṣe sẹ́ẹ̀lì ní jàǹbá.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ìwúkàrà tí à ń fi ṣe búrẹ́dì dá sí i. Purotéènì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mss51. Òun ló ń mú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Cox1, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Bí Cox1 tuntun bá jáde, Mss51 kan náà á dì í mú. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ Cox1 bá dé, wọ́n á gbà á, ọwọ́ Mss51 á sì tú láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí wọn kò bá dé, ọwọ́ rẹ̀ á dí, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan tó ń kà wọ́n. Ọwọ́ tó dí yẹn gan-an ni ìròyìn. N kò tíì rí ètò tó rọrùn tó sì péye tó báyìí.

Ní 2016, Stirling Churchman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi hàn pé bí oúnjẹ ìwúkàrà bá yí padà, iṣẹ́ ìta àti ti inú jọ ń yí ni. Ìta ni ìyáàlù, inú ni omele: bí ti ìta bá dáwọ́ dúró, ti inú á yẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú kò lè dá ti ìta dúró.

Lọ́dún kan náà, àwọn Peter Rehling ní Göttingen, ní Jámánì, rí irú sùúrù yìí nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Bí COX4, ẹlẹgbẹ́ COX1 tó yẹ kó ti ìta wá, kò bá sí, ráíbósómù tó ń ṣe COX1 á dúró lágbede méjì, pẹ̀lú COX1 tí kò tíì parí lọ́wọ́ rẹ̀.