Ọtí, Pèpéle àti Ìrántí: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àwọn Àgbà Òǹwòran Bọ́ọ̀lù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó wà ní ìdí ìtàn tí àwọn àgbà òǹwòran bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Skọ́tíláǹdì fẹ́ràn láti máa sọ nípa ọjọ́ Sátidé àtijọ́. Aṣọ ni àga oníke tí àwọn ọmọ òde òní ń jókòó sí, àti òrùlé tí ó bò wọ́n lórí. Àkísà ni pèpéle tí àwọn àgbà dúró lé, òjò tí ó pa wọ́n níbẹ̀, àti ọtí tí wọ́n mu kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó lè fi owó ra àkísà náà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ni ín fi ń nà án sí afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo. Ìtàn wọ̀nyí kì í ṣe ẹjọ́ wẹ́wẹ́ lásán. Wọ́n ní ètò, wọ́n ní ẹwà, wọ́n sì ní àbùkù, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ó tọ́ kí a fi ojú ìtàn àtẹnudẹ́nu wò wọ́n, kí a sì bi wọ́n léèrè bí òtítọ́ wọn ti tó.

Ẹni tí kò bá mọ bí pèpéle ti rí kò lè mọ adùn ìtàn náà. Ẹ̀yìn ilé góòlù ni ó sábà máa ń wà. Wọn a kó erùpẹ̀ àti eérú jọ bí òkè, wọn a ṣe àtẹ̀gùn lé e lórí, wọn a sì ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ káàkiri láti gba agbára èrò dúró nígbà tí wọ́n bá ń ti ara wọn. Kò sí àga kankan níbẹ̀. Ìlú Liverpool ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ wà. Ọdún 1906 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Spion Kop, orúkọ òkè kan ní Gúúsù Áfíríkà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kú sí ní ọdún 1900. Ní àkókò ọlá rẹ̀, ènìyàn tí ó lé ní 20,000 ni ó máa ń dúró síbẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1994, nígbà tí Norwich wá bá Liverpool figagbága, ni èrò dúró síbẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó wó o láti gbé àga sí i. Orúkọ ojú ogun ni pèpéle náà ń jẹ́. Kò yani lẹ́nu pé bí ìtàn ogun ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀.

Ètò ìtàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn. Ilé ọtí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni òfin ti ń mú kí wọ́n ti ilé ọtí pa ní ọ̀sán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọdún 1988 kí òfin tó gbà wọ́n láyè láti ṣí láti àárọ̀ di alẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ àti Sátidé. Aago mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Nǹkan bí àkókò náà gan-an ni ilé ọtí ń ti ìlẹ̀kùn. Aago kan náà ni ó ń lé ọ̀mu jáde tí ó sì ń pe òǹwòran wọlé. Ohun tí ó fún ìtàn náà ní ìkánjú rẹ̀ nìyẹn: ife tí wọ́n gbé dà sí ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan, eré tí wọ́n sá gba ojú pópó, ẹnu ọ̀nà onírin tóóró tí ènìyàn kan ṣoṣo lè gbà, àti ariwo góòlù tí ó sọ nínú pápá nígbà tí ẹni tí ń sọ ìtàn ṣì wà ní ìta. Lẹ́yìn èyí ni ìdúró àti orin. Lẹ́yìn orin ni ìtọ̀, nítorí pé bíà kì í gbé inú. Ilé ìtọ̀ jìnnà, èrò kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ó rìn, nítorí náà ibi tí ẹlòmíràn dúró sí ni ó ń tọ̀ sí, tí yóò sì ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Nígbà ìsinmi, tíì gbígbóná tàbí omi ẹran tí wọ́n ń pè ní Bovril, àti páì ẹran. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ilé ọtí tún ṣí, wọn a sì padà síbẹ̀. Ìdárò ni ó máa ń kẹ́yìn: irú rẹ̀ kò sí mọ́.

Ẹni tí ó bá mọ ìjálá kò ní ṣàìrí ìbátan tí ó wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìwé ńlá tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá ti jáde ní ọdún 1966 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ọ̀nà tí ó yè kooro láti máa wo irú ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹgbẹ́ kan fi ń yin ara rẹ̀ àti ohun tí ó ń bọ. Níbi ọdún Ògún, ẹmu àti ìjálá kì í ya ara wọn. Oníìjálá a máa bèèrè ọtí, a máa fọ́nnu, a máa fi àwọn tí kò sí lára ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò gbé ìgbá wá láti wọn ẹmu tí ó ní òun mu. Gbogbo àwọn tí ó jókòó mọ̀ pé ìfọ́nnu wà lára iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọtí nínú ìtàn pèpéle. Ife bíà inú rẹ̀ a máa pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Kò sí àgbà òǹwòran tí yóò sọ pé ife kan ni òun mu ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òun gba ife ẹ̀yẹ, kódà bí ó bá jẹ́ pé ife kan náà ni ó ní owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọtí nìkan kò lè gbé ìtàn dúró. Ìtàn tí ó kún fún ọtí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin a máa sú ni, nítorí pé ọ̀mu kan dà bí èkejì. Èyí tí ó dára nínú wọn ni èyí tí ọtí jẹ́ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kan. Bàbá tí kì í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ fàlàlà ní ọjọ́ Sátidé. Àpótí kékeré tí wọ́n gbé wá kí ọmọ lè rí pápá. Ọmọdé tí àwọn àgbà gbé kọjá lórí ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé iwájú, tí àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí sì di alágbàtọ́ rẹ̀ fún wákàtí méjì. Níbi tí irú nǹkan báyìí bá wà, ìtàn náà kúrò ní ìfọ́nnu, ó di lítíréṣọ̀.

Nínú àwọn tí ó gbé irú ìtàn yìí sínú ìwé, Nick Hornby ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ìwé rẹ̀, Fever Pitch, jáde ní ọdún 1992. Ọjọ́ ìfigagbága ni ó fi ṣe àkọlé orí kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò ní kàlẹ́ńdà mìíràn. Ọdún 1968 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ̀, tí ó ti kó kúrò nílé, mú un lọ wo Arsenal àti Stoke. Ọgbọ́n ìwé náà ni pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ tán. Bí ó ti ń sọ adùn pèpéle ni ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó sọ ọ́ di ẹrú rẹ̀, kò sì fi pa mọ́ pé ọmọ àwọn tí ó rí jẹ ní ẹ̀yìn odi Lọ́ńdọ̀nù ni òun, tí ó ń fẹ́ kí a ka òun mọ́ ọmọ ìgboro. Ibi tí ó kù sí ni pé, nínú ìwé tí ó sọ ìtàn pèpéle di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà, ohùn òṣìṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ni pèpéle náà jìnnà. Òjìji rẹ̀ ni a rí. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní eré ni ibi tí ìfọ́nnu ti di ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980, lẹ́yìn tí Celtic borí Rangers ní pápá Hampden, àwọn òǹwòran ìhà méjèèjì ya wọ inú pápá, wọ́n sì bá ara wọn jà títí àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin fi dé. Òfin ọdún náà lé ọtí kúrò ní pápá bọ́ọ̀lù ní Skọ́tíláǹdì. Ní ọdún 1985, òfin mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ka mímu ọtí níbi tí ojú ti lè tó pápá léèwọ̀ nígbà tí eré bá ń lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún àwọn aláṣẹ láti wo òǹwòran kí wọ́n sì rí ọ̀mùtí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, ní pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield, èrò fún àwọn olólùfẹ́ Liverpool pa nínú ọgbà onírin tí ó wà lórí pèpéle. Ènìyàn 97 ni ó bá a lọ. Kí ọjọ́ náà tó ṣú ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde pé àwọn òǹwòran ni ó fà á. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn òkú láti wá ọtí nínú rẹ̀, àti ti àwọn ọmọdé pàápàá. Ìgbìmọ̀ olómìnira tí ó tún ọ̀ràn náà wò jábọ̀ ní ọdún 2012 pé kò sí ohun tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ ọtí náà múlẹ̀, àti pé wọ́n ti yí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá padà. Ní ọdún 2016, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ sọ pé pípa tí kò bá òfin mu ni wọ́n pa wọ́n, àti pé ìwà àwọn òǹwòran kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọdún 27 ni ó gbà kí òtítọ́ tó dé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò ìtàn kò kéré. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí ènìyàn fi dá ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín ni alátakò rẹ̀ gbé lọ fi dẹ́bi fún un. Bí a bá mú ìjálá lọ sí kóòtù, a ó dá gbogbo ọdẹ lẹ́bi. Ìtàn fúnra rẹ̀ sì fi hàn pé ọtí kọ́ ni ó pa ọ̀pọ̀ èrò tí ó kú lórí pèpéle. Ènìyàn 33 ni ó kú ní pápá Burnden ní Bolton ní ọdún 1946, ènìyàn 66 ni ó sì kú lórí àtẹ̀gùn ní Ibrox ní Glasgow ní ọjọ́ kejì ọdún 1971. Èrò tí ó pọ̀ ju àyè lọ àti àtẹ̀gùn burúkú ni ó pa wọ́n. Àwọn tí ń yin pèpéle kì í sábà dárúkọ àwọn òkú wọ̀nyí. Wọn kì í sì í dárúkọ Heysel ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn olólùfẹ́ Liverpool ti ya lu àwọn ará Ítálì ní ọdún 1985, tí ògiri wó, tí ènìyàn 39 sì kú.

Àbùkù kejì wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan: àwa. Gbogbo ìtàn pèpéle ni ó ń sọ pé ọ̀kan ni àwa jẹ́ níbẹ̀. Èdè Yorùbá, bí ti Gẹ̀ẹ́sì, kò ní àwa méjì. Kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Justin Fashanu, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1961, ní bàbá tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Orúkọ tí ó ti ọ̀dọ̀ Ifá wá ni ó gbé lẹ́yìn aṣọ. Ní ọdún 1980 ó gbá góòlù kan wọlé Liverpool fún Norwich tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, ní ọdún 1981 ni Nottingham Forest sì fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn rà á, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì san rí lórí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ náà. Láti orí pèpéle kan náà tí wọ́n ń yìn ni èébú àwọ̀ ti ń rọ̀ lé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, tí wọ́n sì ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù wọ́n. Ó di ọdún 1991 kí òfin tó sọ orin ìkórìíra ẹ̀yà ní pápá bọ́ọ̀lù di ẹ̀ṣẹ̀. Níbo ni Fashanu wà nínú àwa? Ìtàn tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ni.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdárò tí ó máa ń kẹ́yìn ìtàn náà. Lẹ́yìn ìwádìí tí adájọ́ Taylor gbé jáde ní ọdún 1990, àga gba ipò pèpéle ní àwọn pápá ńlá. Owó ìwọlé gun òkè, pàápàá lẹ́yìn tí Premier League bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fi ohùn wọn kọ́ pápá náà kò sì rí owó wọlé mọ́. Ẹ̀bi àwọn aláṣẹ ni wọ́n san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí àgbà kan bá ń sunkún bíà àti òjò, ohun tí ó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni àyè tí òun àti irú òun ní. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti tún gbà kí òǹwòran máa dúró ní àwọn apá kan nínú pápá ńlá, pẹ̀lú ọ̀pá irin níwájú olúkúlùkù. Ìdárò náà kò já sí asán.

Ẹni tí ó bá mu ẹmu dé ìsàlẹ̀ akèrègbè yóò kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àwọn kan a máa da ti inú ìtàn tiwọn nù kí wọ́n tó gbé e fún àlejò. Àwọn tí ìtàn wọn yóò pẹ́ ni àwọn tí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sọ iye ife tí wọ́n mu, tí wọ́n sì tún dárúkọ ẹni tí kò padà wálé, àti ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó jókòó mu.