Òṣòdì Tápà, Souchon, àti ọ̀rọ̀ "àlejò" ní Èkó

Tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan ni àwọn èèyàn máa ń sọ ládùúgbò wa ní Ìsọlọ̀: àlejò ò gbọdọ̀ darí onílé. Àmọ́ ẹ wo Òṣòdì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú wa. Orúkọ ta ni kọ̀ńdọ́ ń pariwo níbẹ̀?

Ọmọ Nupe ni Òṣòdì Tápà. Ẹrú ni nígbà tó dé ilé Ọba Òṣìnlókun. Nígbà tó yá, ó di balógun fún Kòsọ́kọ́, ọmọ ọba náà, tó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Akítóyè ní 1845. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ó wà lára àwọn olórí tó kojú wọn.

Ẹ fi Wilhelm Souchon wé e, ará Jámánì tó darí ogun fún Túrkì. Ní oṣù Kẹjọ 1914, ó kó ọkọ̀ Goeben àti Breslau wọ Dardanelles. Túrkì ní àwọn ti rà wọ́n. Àwọn atukọ̀ Jámánì dé fìlà pupa, òun náà sì di olórí ogun ojú omi Túrkì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, wọ́n yìnbọn sí èbúté Rọ́ṣíà, Odessa àti Sevastopol wà lára wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Túrkì ti wọ ogun.

Ọ̀pọ̀ ìwé ní òun ló fa Túrkì wọ ogun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Enver Pasha, mínísítà ogun Túrkì, mọ̀ sí i. Onílé ló ṣílẹ̀kùn. Síbẹ̀, fìlà ló yí padà, ọ̀gá ò yí padà: Berlin ló ń sìn. Ní 1917 ó padà sílé. Nígbà tí Túrkì túúbá ní 1918, kò sí níbẹ̀.

Tápà ńkọ́? Nígbà tí Kòsọ́kọ́ ṣubú, ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1853 wọ́n gbógun padà wá sí Èkó, wọn ò rí i gbà. Ní 1862 ni wọ́n tó padà wálé, ó sì tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1868.

Ẹnìkan á ní, "Prof, níbo ni ẹrú ì bá sá lọ?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ní 1851, ó ti lówó, ó ti ní ọmọ ogun. Ó lè bá òyìnbó dúnàá-dúrà, kó fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. N ò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ o: òwò ẹrú wà lára ohun tí Kòsọ́kọ́ ń jà fún. Ìṣòótọ́ ọ̀tọ̀, òdodo ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, "Níbo ni wọ́n bí i sí?" kò tó láti fi díwọ̀n ẹni tó fẹ́ darí wa. Ẹ bi í: ta lò ń ṣiṣẹ́ fún? Tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣé a jọ máa jẹ ẹ́ ni, àbí o ní ilé míì tí wàá sá lọ? Ọmọ onílẹ̀ náà lè ní Berlin tiẹ̀.