Akínwálé, Akin Orí Omi

Bí a bá ń ka àwọn tí ó sọ iṣẹ́ ojú omi di iṣẹ́ ọwọ́ tòótọ́ ní ilẹ̀ wa, orúkọ Joseph Edet Akínwálé Wey, ẹni tí a bí ní Kàlàbá ní 1918, kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Nítorí kí ó tó di ọ̀gá pátápátá, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́, iṣẹ́ tí ooru àti epo kì í jìnnà sí, tí etí ọlọ́gbọ́n sì fi ń gbọ́ àìsàn ẹ̀rọ kí ojú tó rí i. Òkun kì í kún kó bo ẹja lójú: ní 1964, ọdún kẹjọ tí a dá ẹgbẹ́ ológun ojú omi sílẹ̀, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ipò olórí rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó.

Àwa ará orí ilẹ̀ kì í sábà ro ti ilé atukọ̀, níbi tí ìyá ti ń dá ọmọ tọ́ nígbà tí bàbá ń ṣọ́ òru lójú agbami. Lójú tèmi, ìdajì oyè tí atukọ̀ bá jẹ, ti aya ni.

Wey fi ayé sílẹ̀ ní 1991. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá tukọ̀ rí, kí ó tètè bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀.