Kíkó Ìwé Sínú Ilé Àtijọ́

Bí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ bá délẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ohùn méjì la sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan á ní kí wọ́n kùn ún lọ́dà, kí àlejò máa wá wò ó. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n kó ìwé sí i, kí ará ìlú máa wọlé wá ṣe ìwádìí.

Ẹ wo Ilojo Bar ní Tinúbú, ilé àwọn Àgùdà tó ti wà láti nǹkan bí 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ìkéde lásán kò dáàbò bo ilé tí ènìyàn kì í wọ̀ lójoojúmọ́.

Freedom Park sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010, Theo Lawson ló ya àwòrán rẹ̀. Mo gbóríyìn fún un, nítorí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn tẹ́lẹ̀ ti di orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àti orin ló jọba níbẹ̀, kì í ṣe ìwé. Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta, ilé òyìnbó rélùwéè tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, ń fi àwòrán àtijọ́ hàn wá. Wíwò nìyẹn, kíkà ṣì kù.

Èyí tó sún mọ́ ohun tí mò ń wí jù wà ní Brixton, ní London, láàárín àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Wọ́n dá Black Cultural Archives sílẹ̀ ní 1981. Ní oṣù keje 2014 ni wọ́n kó wọ ilé àtijọ́ kan ní Windrush Square, ilé tó ti di ahoro tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ apá tuntun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá tuntun yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ayàwòrán-ilé wa fojú sí.

Ìwé wúwo ju bí a ṣe rò lọ. Nínú ìlànà ìkọ́lé Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ilé gbígbé gbọ́dọ̀ lè gbé 40 pọ́n-ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú-lóròó. Yàrá ìkàwé, 60. Yàrá tí wọ́n to pẹpẹ ìwé sí, 150. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú tó jẹ́ pé pákó ni ilẹ̀ òkè rẹ̀ kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí àwọn òǹkàwé jókòó sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ wà. Kí ìwé má sì sùn sí ìsàlẹ̀, nítorí ikán àti omi òjò. Ilé ìpamọ́ tuntun ni kí wọ́n kọ́ sẹ́yìnkùlé, kí ilẹ̀ rẹ̀ ga.

Ní Ìjẹdẹ̀ tiwa, etí ọ̀sà la wà, ọ̀rinrin á sì bu ìwé láìpẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á fi gíláàsì dí fèrèsé pa, wọ́n á gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ gbogbo yàrá. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹgbin tó lè mú iná 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ orí wa ni wáyà ń gbà kọjá. Bí iná bá lọ, yàrá tí wọ́n dí pa di ààrò, èbu á sì bẹ̀rẹ̀. Ògiri nínípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀, àjà gíga: àwọn baba wa mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́lé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní ilé ìpamọ́ nìkan, kí iná oòrùn máa gbé e.

Kí la fẹ́ kó síbẹ̀? Ìwé ilẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí, ìwé ẹjọ́, tí wọ́n wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìjẹdẹ̀, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ka ìwé ìjọba àmúnisìn lórí ìlú wa, Ìbàdàn ni yóò lọ, sí National Archives. Ìwé ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò sí níbẹ̀. Ẹbí kankan kò sì ní fi ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, wọn kò sì jẹ̀bi. Nítorí náà, yàrá àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n parí ni ti ẹ̀dà ṣíṣe: yàrá kékeré kan nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí bàbá àgbà lè jókòó ti ìwé rẹ̀ títí wọn ó fi ya àwòrán rẹ̀ tán, kó sì gbé e padà sílé.