Ọ̀rọ̀ Kan Tí Òfin Ò Túmọ̀

Bí wọ́n bá ní ká ṣe lámèyítọ́, ìtàn àròsọ àti ewì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ ìwé kan wà tí gbogbo wa ń gbé lábẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ò kà rí: òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014. Àwa kà á. Kò gùn rárá.

Àkọlé rẹ̀ lè tan èèyàn jẹ. Ìgbéyàwó ló wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sì ni ìjìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá karùn-ún: ẹni tó bá ṣe àtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Òfin náà túmọ̀ “ìgbéyàwó”, ó túmọ̀ “ẹlẹ́rìí”, kò túmọ̀ “àtìlẹ́yìn”.

Nọ́ọ̀sì tó kó ọkùnrin mẹ́wàá jọ láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ara wọn, ṣé àtìlẹ́yìn nìyẹn? Ẹni tó yá wọn ní yàrá ńkọ́? Òfin ò sọ. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bí o bá lo orúkọ tí o ò túmọ̀, ẹ̀rọ á dúró, á ní òun ò mọ ohun tó ò ń wí. Èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ló máa ń bá a túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n sì ti ka ìbẹ̀rù yẹn. Àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀lé àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lòpọ̀ ní Abuja kí òfin tó jáde. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Lancet HIV ní 2015. Ṣáájú òfin, nínú ìgbà 100 tí wọ́n bi wọ́n, ìgbà 25 ni wọ́n sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti lọ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn òfin, ó di 38.

Ní 2014 yẹn kan náà, àyẹ̀wò tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe rí kòkòrò HIV lára nǹkan bí 23 nínú 100 irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ètò ìlera ìjọba sì kà wọ́n mọ́ àwọn tó yẹ kí ìtọ́jú kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba kan náà, ìwé méjì: ọ̀kan ń pè wọ́n wá, ìkejì ń lé wọn sá.

Àwa Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká tún wò. À ń pe éèdì ní àrùn kògbóògùn. Lónìí, ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà lẹ́jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá lòpọ̀. Ẹ̀rù tó ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni oògùn ò ràn.

Ní tiwa, ì bá dáa kí òfin yìí má sí rárá. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní ẹnu wa ò kò lórí ìyẹn, ìlà kan ṣoṣo ò pọ̀ jù fún àwọn aṣòfin láti fi kún un: pé títọ́jú èèyàn àti kíkọ́ ọ nípa ìlera ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.