Ohùn Ta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀ Òkú? Lámèyítọ́ Fíìmù Méjì nípa Eré-Ìje Alùpùpù

Bí fíìmù nípa àwọn tí ń fi alùpùpù sáré ìje ti pọ̀ tó, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè: kí ló mú kí ẹni tí ó mọ̀ pé ikú wà ní kọ́ńà iwájú tún fi gbogbo agbára sáré lọ bá a? Asáré fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bi, èsì rẹ̀ kì í sì í kún ọwọ́. A ní òun fẹ́ràn eré náà. A ní kò lè yé ẹni tí kò bá gùn ún rí. Òótọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n irú èsì bẹ́ẹ̀ kò tó gbé fíìmù ró. Closer to the Edge tí Richard de Aragues darí (2011) àti Road tí Michael Hewitt àti Dermot Lavery darí (2014) ni àyẹ̀wò yìí dá lé. Fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni méjèèjì, kì í ṣe eré àgbékalẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ wọn yọ ni pé wọ́n gbé kámẹ́rà kúrò lára asáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ikú asáré ń ṣẹ́kù. Ibi tí wọ́n sì ti kùnà ni ìlò tí wọ́n lo ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyẹn.

Ọdún 1907 ni ìdíje TT bẹ̀rẹ̀ ní Isle of Man, erékùṣù kékeré tí ó wà láàárín England àti Ireland. Láti 1911 ni wọ́n ti ń sá a lójú ọ̀nà orí òkè tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 60. Títì tí àwọn ará erékùṣù náà ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ àti ọjà ni, kì í ṣe pápá tí a kọ́ fún ìje. Ògiri ilé, òpó iná, igi àti odi olókùúta ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń tú àwọn asáré sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìwọ̀n eré àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sá jù sì ń ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Ó ti lé ní ènìyàn 250 tí ó kú lójú ọ̀nà náà. Nítorí náà, a kò lè ka jàǹbá sí àlejò tí ó ṣàdédé yà wọ inú eré yìí. Ara ohun tí a fi kọ́ ọ ni.

Ìdíje ọdún 2010 ni Closer to the Edge tọpa, Guy Martin ni ó sì fi ṣe ẹ̀dá ìtàn pàtàkì. Mẹkáníìkì tí ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ni Martin. Ẹnu rẹ̀ dùn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Àwàdà rẹ̀ wọ olùdarí lára ju bí ó ti yẹ lọ. Ian Hutchinson ni ó gba gbogbo eré márààrún tí a fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì sá lọ́sẹ̀ náà, síbẹ̀ bí ẹni tí ó kàn ń yọjú ni ó rí nínú fíìmù yìí, torí pé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ tó Martin. Conor Cummins ṣubú lórí òkè. Martin náà ṣubú ní Ballagarey, iná sọ. Àwọn méjèèjì yè. Iṣẹ́ kámẹ́rà 3D gbé ìṣubú wọ̀nyí súnmọ́ òǹwòran débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìdárayá.

Ìgbà tí ó kan Paul Dobbs, asáré ọmọ New Zealand tí ó kú nínú ìdíje ọdún yẹn kan náà, ni nǹkan yí padà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó sọ̀rọ̀. Òǹwòran ń retí ẹkún tí yóò dá eré náà lẹ́bi. Obìnrin náà kò sun ún. Kò bú eré tí ó gba ọkọ rẹ̀, kò sì fi ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ̀ ẹ́ pamọ́. Kò sí ìran tí ó lágbára tó èyí nínú fíìmù náà. Àléébù ibẹ̀ ni pé olùdarí gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìwé ìyọ̀ǹda: bí opó fúnra rẹ̀ kò bá dá TT lẹ́bi, ta ni yóò tún dá a lẹ́bi? Ni fíìmù bá padà sínú ayọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kò dáhùn ìbéèrè náà rárá. Ṣe ni ó mú un le sí i.

Road jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé ìdílé kan ni ó mú, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Joey Dunlop àti àbúrò rẹ̀ Robert, àwọn ọmọ agbègbè Ballymoney ní Àríwá Ireland, ni ìtàn náà dá lé, pẹ̀lú William àti Michael, ọmọ Robert. Joey gba TT ní ìgbà 26. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, ní ọmọ ọdún 48, ó gba mẹ́ta nínú ìdíje kan ṣoṣo; ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó kú nínú eré-ìje kan ní Tallinn, ní orílẹ̀-èdè Estonia. Robert ti fara pa yánnayànna ní TT ọdún 1994, débi pé wọ́n ní láti gbé bíréèkì alùpùpù rẹ̀ sí ọwọ́ òsì kí ó tó lè gùn ún mọ́, ó sì tún gba TT ní 1998. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ó kú níbi ìgbáradì fún North West 200. Liam Neeson ni aṣàlàyé. Ballymena ni wọ́n bí i sí, kò jìnnà sí ilé àwọn Dunlop, ó sì hàn nínú ohùn rẹ̀: ohùn ará àdúgbò ni, kì í ṣe ti àlejò tí ẹnu ń yà.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Robert kú. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n tó sin ín, William àti Michael gbé alùpùpù wọn lọ sí orí ìlà láti sá eré náà gan-an. Àwọn aláṣẹ fẹ́ dá wọn dúró, wọ́n kọ̀. Alùpùpù William bàjẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Michael sá, ó gba ipò kìíní, ó sì bú sẹ́kún. Ibí ni fíìmù ti dé góńgó, ibí náà sì ni ó ti yẹ kí a bá a jiyàn. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, tí òkú bàbá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ni a sọ di akọni yìí, bí ẹni pé ìṣẹ́gun ni èsì ọ̀fọ̀. Bí ó bá ti ṣubú ńkọ́? Nínú ètò ìtàn náà, àwọn aláṣẹ wá dà bí ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó gbìyànjú láti ṣe bí àgbà lọ́jọ́ yẹn.

Lámèyítọ́ Yorùbá tí ó bá wo Road lè tètè ké pe Ògún: irin wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ó rọrùn jù, kò sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ohunkóhun. Ohun tí ó wúlò ju èyí lọ ni bí àwọn ọdẹ ṣe ń ṣètò ohùn lórí òkú ẹgbẹ́ wọn. Níbi ìpà ọdẹ, àwọn tí yóò tún padà sígbó ni ó ń sun ìrèmọ̀jé. Ẹnu ẹni tí irú ikú kan náà lè pa ni ọ̀rọ̀ òkú ti ń jáde. Ètò náà sì wà láti ya òkú nípa kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà láàyè. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí fún àwọn ọmọ Robert. Kí òkú tó wọ ilẹ̀ ni alààyè ti padà sójú ọ̀nà, ẹni tí ó sì ń so ìtàn náà pọ̀ fún òǹwòran, bí ohùn rẹ̀ ti wulẹ̀ dùn tó, kì í ṣe ẹni tí yóò gun alùpùpù lọ́la.

Ní oṣù keje ọdún 2018, William kú níbi Skerries 100 ní Ireland. Michael kò fi eré náà sílẹ̀. Ní 2024, ó kọjá ìgbà 26 tí Joey fi lélẹ̀. Àwọn olùdarí Road kò lè mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ wọn lónìí kò lè wò ó bí àwọn òǹwòran 2014. Lójú tiwọn, alùpùpù William tí ó bàjẹ́ kàn la ọ̀nà sílẹ̀ fún Michael ni. Ní báyìí, kì í ṣe ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ni ojú òǹwòran ń tẹ̀ lé mọ́; arákùnrin tí alùpùpù rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni ó ń wá.